Igi Tí Ọkọ Mi Fi Dábùú Ọ̀nà

Erùpẹ̀ tí a fi bo ọkọ mi kò tíì gbẹ nígbà tí ọmọ wa obìnrin gbé ọ̀rọ̀ owó ibodè wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun, ọ̀nà ńlá, tí yóò gba ẹ̀yìn oko wa kọjá lọ sí ìhà Ìlọrin. Ìjọba ń bi àwọn ará ìlú bóyá kí wọ́n kọ́ ibodè sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá máa sanwó. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ṣe ìpàdé lórí ẹ̀, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ àgbà ilé rẹ̀ wá. Ọmọ mi jókòó tì mí lórí ẹní, ó ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ kí n bá yín sọ? Kí wọ́n gbà á ni, àbí kí wọ́n má gbà á?"

Ẹkún ló gbé mi. Ó fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó rò pé nítorí bàbá òun ni. Nítorí bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ikú yìí kàn wá bá a níbẹ̀ ni.

Ìwé mi ò pọ̀. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kí wọ́n tó ní kí n wá máa pọn àbúrò. Àmọ́ Ọlọ́run fún mi ní orí tí kì í gbàgbé orúkọ. Gbogbo ẹni tó wà létí odò lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ baba wọn. Mi ò ní kọ ọ̀kankan síbí. Wọ́n ti kú, ọmọ wọn ló kù, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ẹnu mi bú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìlú wa kò jìnnà sí Èsìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà. Tí a bá ń lọ sí Ọ̀mù-Àrán, odò kan wà lójú ọ̀nà, abúlé kan sì wà létí odò náà. Nígbà tí a gba òmìnira, àwọn olóṣèlú gbé mọ́tò tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí wá, wọ́n ní ọ̀dà ń bọ̀. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. A ò rí ọ̀dà. Nígbà tó yá, àwọn àgbà ní ẹni tó bá dúró de ọ̀dà, inú ẹrẹ̀ ni yóò kú sí. Ni ìlú wa àti abúlé náà bá para pọ̀. Ọkùnrin gbé ọkọ́, obìnrin ru yangí. Èmi náà ru yangí títí irun àárín orí mi fi re. Ọkọ mi, káfíńtà ni, òun àti àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú ló fi pákó àti ìdè irin ṣe afárá sórí odò náà. Ọjọ́ tí lọ́rì àkọ́kọ́ gba orí ẹ̀ kọjá, pákó ń ké kíì-kíì bí ẹyẹ. Nígbà tí lọ́rì náà gòkè lódì kejì, ariwo tí a pa, wọ́n á gbọ́ ọ ní Àràndún.

Àmọ́ pákó kì í ṣe irin. Lọ́rì oníṣu, lọ́rì onígàárì, wọ́n fi táyà jẹ afárá náà mọ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni abúlé etí odò ń wá ké pe ọkọ mi. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n ní àwọn máa fi igi dábùú ọ̀nà, kí onímọ́tò máa san nǹkan kékeré tí wọn á fi máa ra pákó. Ẹni tí ìlú rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ọ̀nà, kò ní san tirẹ̀. Àwọn dírẹ́bà gbaná jẹ. Wọ́n wá sí ìpàdé, ọ̀kan nínú wọn, ẹlẹ́nu bí abẹ, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ará odò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá yín ló bí odò yìí ni?"

Ọkọ mi ló fèsì. Ó ní, "Ìyá wa kọ́ ló bí odò, àmọ́ àwa la bí afárá. Afárá kì í sì í jẹ atẹ́gùn o, pákó ló ń jẹ."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tán nìyẹn. Ọkọ mi náà ni wọ́n sì ní kó ṣe igi náà. Ó wá igi kan tó gùn tó sì gún, ó fá a títí ó fi dán, ó so òkúta ńlá mọ́ ìdí ẹ̀. Tí wọ́n bá tú okùn tó wà lórí ẹ̀, òkúta á fà á sílẹ̀ nídìí, igi á sì gbéra fúnra rẹ̀. Ọmọdé lè ṣí i. Káàkiri ni wọ́n ń pè é ní Apá Káfíńtà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tí abúlé náà fi kún un tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bá wọn jiyàn. Òkú kì í ṣàdédé kọjá odò wọn. Mọ́tò tó bá gbé òkú gbọ́dọ̀ dúró níbi igi, kí wọ́n lọ pe àwọn àgbà, kí wọ́n ṣe ohun tí odò ń gbà, kí olókùú sì san ti òkú, tó ju ti alààyè lọ. Òkú aboyún ni wọn kì í gbà rárá. Ẹni tó bá kú pẹ̀lú oyún nínú, wọ́n ní tó bá fi lè gba orí odò yẹn kọjá, aboyún abúlé náà kò ní sọ̀kalẹ̀ láyọ̀. Ẹ ò lè rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà ayé wa, gbogbo wa la bẹ̀rù ẹ̀, onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí.

Àwọn dírẹ́bà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe màkàrúrù. Tí wọ́n bá gbé òkú láti ọ̀nà jíjìn, wọn á nà án sẹ́yìn mọ́tò, wọn á fi aṣọ bò ó dé ọrùn, wọn á ní, "Bàbá ń ṣàìsàn ni, ó ń sùn." Wọ́n tan bàbá oníbodè jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá wá mọ̀ lẹ́yìn náà, á máa bú wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá àgbàlagbà kan ni, abẹ́ igi odán ló máa ń jókòó, ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. Tó bá rí mi, á ní, "Ìyàwó Káfíńtà, apá ọkọ rẹ ò jẹ́ kí n sinmi o." Èèyàn rere ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀, wọ́n tún ní ọ̀dà ń bọ̀, pé ìjọba ti kúrò ní Kàdúná, ó ti sún mọ́ wa. Àsìkò yẹn ni àbúrò ọkọ mi obìnrin padà wálé láti bímọ. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, ọ̀nà ibẹ̀ kò dára nígbà náà. Mo dàgbà jù ú lọ, àmọ́ ilé ni mo bá a, kékeré ló wà nígbà tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìyàwó ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí eyín ẹ̀ funfun. Òun a máa pè mí ní "Ìyàwó wa," a máa rán mi níṣẹ́ ṣeréṣeré, "Ìyàwó wa, bá ọkọ rẹ bu omi." Ó máa ń dẹ pańpẹ́ fún mi kí n lè ṣèèṣì dárúkọ ẹ̀, kí n san adìyẹ ìtanràn. Kò rí mi mú rí. Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ, ó mọ̀, ó ní tóun bá bí tòun, ẹ̀yìn mi ló máa wà.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ìrọbí mú un. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi lọ́rì ọmọ ìjọ wa kan kó àwọn ọmọdé yí ìlú ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ju imọ̀ ọ̀pẹ. Ọkọ mi ló so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ imú lọ́rì náà, ọ̀tún àti òsì, ó rẹwà. Nígbà tí a fi máa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára Eyínfúnjowó, ìyá agbẹ̀bí ní ọ̀rọ̀ náà ti ju òun lọ, kí a gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán. Lọ́rì náà ló wà nílẹ̀. A gbé e lé orí tìmùtìmù lẹ́yìn. Òjò ń wọ́n, òjò àkọ́rọ̀, mo fi aṣọ funfun tí mo ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí òjò má pa á. Èmi àti ìyá kan nínú ìjọ la jókòó tì í, funfun ni òun náà wọ̀, ó ń sunkún. Ọkọ mi wà níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà.

Ẹ ti rí i. Àwa ò rí i. Ní ìlú wa, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni, imọ̀ ọ̀pẹ kún gbogbo ojúde, ojú wa ti mọ́ ọn láti àárọ̀. Létí odò, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì. Létí odò, mọ́tò tó so màrìwò mọ́ imú, tí àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìn ẹ̀ nínú funfun tí wọ́n ń sunkún, òkú ló gbé.

Kí a tó dé ibi igi, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti dúró síbẹ̀. Bàbá oníbodè dìde, ó yọ ìkòkò tábà lẹ́nu.

Ó ní, "Káfíńtà, ẹ kú àfẹ́kù. Ta ni?"

Ọkọ mi fò sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá! Ẹ ṣí i, ẹ bá mi ṣí i, àbúrò mi ló ń rọbí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Bàbá fi ẹ̀yìn rìn. "Aboyún ni?"

"Aboyún ni, ó wà láàyè!"

"Káfíńtà, má ṣe báyìí sí wa. Gbogbo ẹni tó gbé òkú wá síbí, alààyè ni wọ́n ń pè é. Ojú wa ti rí i. Èmi àti ìwọ kì í ṣe ọ̀tá. Yí mọ́tò padà."

Ọkọ mi kọjú sí igi náà, igi tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fá, ó fẹ́ tú okùn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbé ara lé igi náà, bí mẹ́rin, wọ́n gùn ún bí ẹṣin. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ìwọ lo kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́!" Dírẹ́bà ń bú, ọkọ mi ń bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti rán ènìyàn lọ pe àwọn àgbà, àwọn àgbà wà lóko. Mo ṣí aṣọ kúrò lójú ẹ̀, mo ní kí wọ́n wá wò ó. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ojú ẹ̀ ti funfun, ó ti dákú, èmi gan-an, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo wò ó.

Bàbá oníbodè wá sọ láti ọ̀kánkán pé, "Tó bá wà láàyè, kó fọhùn. Ẹ pè é."

Mo ké, "Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó o!" Kò mira.

"Ìyẹn kọ́ lorúkọ," Bàbá ní. "Orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń tanni ni. Orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lọ́run ni kí ẹ pè."

Ọkọ mi pè é, pè é, bíi kí àgbàlagbà máa húkọ́ ni ohùn ẹ̀ ń jáde. Kò dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wo ara wọn. Mo wo igi yẹn, mo wo odò lẹ́yìn ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo wa máa wà títí àbúrò ọkọ mi á fi kú lóòótọ́. Ni mo bá tẹ̀ ba etí ẹ̀, mo sì fi gbogbo agbára mi pe orúkọ tí mi ò pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi wọlé ọkọ.

Ìpéǹpéjú ẹ̀ mì. Ó la ojú díẹ̀. Ètè ẹ̀ gbẹ, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, àmọ́ gbogbo wọn ló gbọ́.

"Ìyàwó wa," ó ní. "Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́. O jẹ mí ní adìyẹ."

Bàbá oníbodè figbe ta. Òun fúnra ẹ̀ ló sáré lọ síbi okùn, ó ń na àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní ìkòkò tábà lórí, "Ẹ kúrò ńbẹ̀! Ẹ kúrò ńbẹ̀!" Igi gbéra. Ó gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọkọ mi ṣe ṣe é kó máa gbéra. Bàbá ń sá tẹ̀lé wa lórí afárá, ó ń ké pé, "Ẹ má bínú o! Ẹ yọ màrìwò yẹn! Ẹ yọ màrìwò yẹn o!" Ìgbà yẹn ni ọkọ mi tó wo imú mọ́tò. Ó yíjú padà wò mí lẹ́yìn, mo rí ojú ẹ̀. Mi ò lè júwe ẹ̀.

Wọ́n gba ọmọ náà láàyè ní ọsibítù. Ìyá ẹ̀ ò yè. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ti lọ jù, ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé e wá." Kò mọ ohun tó dá wa dúró.

Ọ̀nà kan náà la gbà padà. Ọkọ mi ti já imọ̀ ọ̀pẹ yẹn sọnù níwájú ọsibítù. Nígbà tí a fẹ́ kúrò, ó lọ ṣà á nílẹ̀, ó tún un so mọ́ imú mọ́tò, ọ̀tún àti òsì. Dírẹ́bà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀." Ó tún fa okùn ẹ̀ le. Nígbà tí a dé ibi igi, àwọn àgbà ti ti oko dé, wọ́n dúró. Bàbá oníbodè ò bèèrè ta ni mọ́. Ó bèèrè pé, "Ọmọ ńkọ́?" Mo gbé e sókè kó rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí obìnrin. Wọ́n ṣe ohun tí odò ń gbà. Ọkọ mi san ti òkú. Wọ́n ní kó má san án, ó kọ̀, ó san án.

Mo rò pé á fi àáké gé igi yẹn ni. Mo tiẹ̀ pọ́n àáké sílẹ̀ dè é. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí òjò dá, ó kó pákó, ó lọ tún afárá ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo bá a jà. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé òkúta ló wà láyà rẹ?" Ó ní, "Tí afárá bá já, ẹlòmíì náà ò ní dé ọsibítù." Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. A ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn mọ́.

Ọ̀dà wá dé níkẹyìn. Ìjọba ṣe afárá oníkọnkéré, wọ́n ní kò sí owó ibodè mọ́, ọ̀nà ti di ti gbogbo èèyàn. Wọ́n ju Apá Káfíńtà sínú igbó. A jó. Ọ̀nà tó bá sì di ti gbogbo èèyàn, ẹ mọ ẹni tó ń tún un ṣe. Kòtò wọ inú ẹ̀, kòtò bí ọmọ. Ọ̀kadà nìkan ló mọ bó ṣe ń yí i po.

Ẹnu àìpẹ́ yìí ni ọkọ mi dùbúlẹ̀, tí a gbé e sínú mọ́tò, èmi àti ọmọ wa, a ń lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. Nígbà tí a dé etí odò yẹn, orí afárá kọnkéré náà ti fọ́, tírélà kan rì sínú kòtò, ó dábùú ọ̀nà, mọ́tò tò sẹ́yìn ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. A dúró. Kò sí igi, kò sí bàbá kankan lábẹ́ odán, odán gan-an ò sí mọ́. Ọkọ mi la ojú, ó wò yíká, ó sì mọ ibi tí a wà. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti yọ màrìwò yẹn?"

Ọmọ wa ní, "Màrìwò wo, Bàámi?"

Mo ní, "Wọ́n ti yọ ọ́."

Ó ní, "Igi ńkọ́? Wọ́n ti gbé e?"

Mo ní, "Wọ́n ti gbé e, ọkọ mi. Ọ̀nà ti là."

Tírélà náà ò kúrò. Ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí.

Ohun tó wà lójú mi nìyẹn nígbà tí ọmọ ń bi mí bóyá kí wọ́n gba owó tàbí kí wọ́n má gbà á. Ó mọ ìyá tó bí i, a ò fi pa mọ́ fún un, àmọ́ ti màrìwò ni kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó wá ní, "Màámi, ti òde òní ò ní rí bẹ́ẹ̀. Kò ní sí èèyàn níbi ibodè. Ẹ̀rọ ni. Ẹ á na káàdì sí i, igi á gbéra fúnra ẹ̀."

Mo ní, "Tí káàdì ò bá sí ńkọ́?"

"Kò ní gbéra."

"Ta ni èèyàn máa wá bẹ̀?"

Mo ní kó sọ fún wọn ní ìpàdé pé kí wọ́n gba owó náà, nítorí afárá kì í jẹ atẹ́gùn, bàbá ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n fi èèyàn sídìí igi náà, èèyàn tó ní etí. Ó ní, "Màámi, wọn ò ní gbọ́." Mo mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́.

Nígbà tó jáde, èmi nìkan jókòó sórí ẹní. Mo tún pe orúkọ ìyá ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa pè é láyé mi. Mo pè é kíkankíkan. Mo dúró. Kò sẹ́nì kankan nínú ilé yìí mọ́ tó máa ní kí n san adìyẹ.